Ìwé Akápò Mátíà Mímọ́

Èmi ni akápò. Iye ni mo mọ̀, n kò mọ ìwàásù.
Mátíà Mímọ́, òpópónà Hálówè, ìlú Bọ́fálò:
ìjọ Ẹpísíkópà, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́jọ́ Àìkú tó bá dára,
mọ́kàndínlógún bí ẹ̀fúùfù bá ti orí adágún dìde.
Mátíà yẹn náà ni, ẹni tí wọ́n ṣẹ́ gègé mú
kí àyè tí Júdásì fi sílẹ̀ má baà ṣófo.
Ilẹ̀kùn pupa kan. Òrùlé tó ń jò níbi mẹ́ta,
garawa mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, a ti sọ wọ́n lórúkọ:
Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò.
Iná ni tinú Bíbélì là já; omi ni tiwa ń gbé mì.

Ilé ìfọṣọ kọjú sí wa, ilé ọtí fara tì wá.
Ní Ọjọ́bọ̀, Milagros Ocasio a máa bu ọbẹ̀ ẹ̀wà,
kì í wojú ẹni kó tó bù ú,
ó ní ebi kì í jẹ́ orúkọ bàbá ẹnìkan.
Àwọn ará Káréènì tí ogun lé kúrò ní Bọ́mà
ń jókòó lápá òsì, wọ́n ń gba Àdúrà Olúwa lédè wọn,
àwa ń gbà á lédè tiwa,
a kì í jọ parí; "Àmín" ló máa ń kó wa jọ.

Oṣù Kínní ni kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ sínú ilẹ̀kùn pupa,
ó há síbẹ̀ bí eegun ẹja ní ọ̀nà ọ̀fun.
Alágbẹ̀dẹ ní ọ̀ọ́dúnrún dọ́là, ó tún ní ó di ọjọ́ mẹ́jọ.
Ìgbìmọ̀ jókòó. Mo ní kí a fi pákó kàn án pa.
Àlùfáà Winifred Kessler bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀:
"Clifton, ta gan-an ni a fẹ́ kàn án mọ́ òde?"
N kò fèsì. Iye ni mo mọ̀.

Ni mo bá ń jí lọ kà á láràárọ̀.
Ọ̀pá àbẹ́là méjì: ó pé.
Ife fàdákà (abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, Ọlọ́run dárí jì mí): ó pé.
Ìwé àdúrà mẹ́tàlélógójì: ó pé.
Lọ́jọ́ kejì, ipasẹ̀ bàtà lórí yìnyín,
ó wọlé, ó jáde, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀.
Lọ́jọ́ kẹta, ẹnìkan ti da omi Ṣádírákì nù.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ n kò mọ ibi tí ǹ bá kọ ọ́ sí,
ohun tó wọlé ni, àbí ohun tó jáde?

Odessa Pruitt, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ló ń tẹ dùrù.
Eyín kan lẹ́nu dùrù náà ti yadi láti ìgbà ayé ọkọ rẹ̀.
Bó bá débẹ̀, ìka rẹ̀ a fò ó
bí ẹni ń fo kòtò tó ti mọ̀ lọ́nà ilé.
Gbogbo ìjọ ti kọ́ ọ; gbogbo wa la máa ń gbé itọ́ mì níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú òtútù mú un níka, ó ṣì í tẹ̀.

Ó dún.

Ohùn kékeré, bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Odessa dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀.
Orin dá sí wa lẹ́nu.
Ó bojú wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sanwó iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ìsìn mo ṣí dùrù wò:
ègé ìbọ̀sẹ̀ olówùú àgùntàn, aláwọ̀ ewé,
tí a fi okùn tín-ín-rín dì mọ́ òòlù rẹ̀,
ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́ ni.
Ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ni mo ń wò lórí ìlà ọbẹ̀.
Bàtà ṣáá ni, títí tó fi kan ọkùnrin kan
tí ọ̀tún rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀ síbẹ̀.
Milagros bu tirẹ̀ fún un. Kò wojú rẹ̀.
Èmi náà kò wò ó mọ́.

Alágbẹ̀dẹ dé. Ó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ méjì.
Ọ̀kan wà lọ́rùn mi.
Ìkejì, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó sọnù:
irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́rìndínlógún,
mo sì fi yíǹkì kọ ọ́.